Òrùka Ẹsẹ̀ Ẹyẹ Bàbá Dónàl

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Dublin, ẹ ó rántí ìgbà tí owó gbòde, tí wọ́n ń kọ́lé káàkiri bí ẹni ń gbin àgbàdo. Nígbà tí mo wà ní kékeré nìyẹn, tí à ń gbé ní Rush létí òkun. Iṣẹ́ ní ọgbà ilé-iṣẹ́ Grange Castle kì í jẹ́ kí bàbá mi wà nílé lópin ọ̀sẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, ìyá mi á wọ bọ́ọ̀sì lọ ra iṣu àti ata ní Moore Street, á fi mí sọ́dọ̀ aládùúgbò wa, bàbá arúgbó ará Ireland kan tó ń gbin kábéèjì. Òun fúnra rẹ̀ ní kí n máa pe òun ní Dónàl. Ìyá mi ní ẹnu mi á wọ́. Bàbá Dónàl ni mo pè é títí.

Bàbá yìí a máa fi òrùka sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀, kí àwọn tó ń tọpa ẹyẹ lè mọ ibi tó ń lọ àti ìgbà tó ń padà. Bí ìgbà ìwọ́wé bá ń parí lọ, tí òtútù ń wọlé, á ta àwọ̀n tín-ín-rín kan sẹ́yìn kábéèjì. Á rọra yọ ẹyẹ tó bá há, á fi òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní nọ́ńbà wọ̀ ọ́, á wọ̀n ọ́n, á sì jẹ́ kó fò lọ. "Grand," ló máa ń wí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pé ó ti dára. Bí èyí tó ti ní òrùka tẹ́lẹ̀ bá padà wá, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ìrìnàjò dé. Á ka nọ́ńbà, èmi á kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní nọ́ńbà yẹn ni orúkọ ẹyẹ. Bí a bá ṣì í kọ, ẹyẹ ọ̀hún ti sọnù nìyẹn. Lẹ́yìn iṣẹ́, a ó jẹ búrẹ́dì pupa tó fọwọ́ ara rẹ̀ yan, bọ́tà á máa yọ́ lórí rẹ̀.

Ẹnu mi mú nígbà yẹn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wá kí wa láti Clondalkin, ó ní òkun Rush kò jinlẹ̀ rárá. "That's wrong, Uncle," ni mo wí, bí a ti ń ṣe níléèwé. Ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, kí n na ọwọ́ sókè, títí àlejò fi jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán. "Ọmọdé kì í já àgbà ní koro," ló ń tún wí lórí mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni rọ́bìn kan, ẹyẹ kékeré aláyà pupa, padà wá pẹ̀lú òrùka. Bàbá Dónàl gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó ka nọ́ńbà, ó fi mẹ́ta parí rẹ̀. Mo rí i kedere pé mẹ́jọ ni. Mo la ẹnu, orúnkún mi rán mi létí, mo pa á dé. Mo kọ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e, títí ìrì dídì fi ń bo kábéèjì. Ojú bàbá ń ṣú lọ, èmi ń fi ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára kọ irọ́. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mò ń bù fún un.

Kí Kérésì tó dé, obìnrin kan tó máa ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò wá bá wa. Ó ní nọ́ńbà tí a kọ fún rọ́bìn, ti ẹyẹ mìíràn ni, irú rẹ̀ sì pọ̀ nínú ìwé wa. Bàbá Dónàl yíjú sí mi.

"Ṣé o rí i pé mo ń ṣì í kà, ọmọ mi?"

Mo ní mo rí i.

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

Mo ní nítorí pé àgbà ni wọ́n.

"Ìwọ ì bá máa kà á fún mi. À bá jọ máa ṣe é lọ."

Ó wá ní "Grand," ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó dá ìwé àṣẹ tó fi ń mú ẹyẹ padà fún obìnrin náà, ó sì ká àwọ̀n. Ní Sátidé kejì, tíì nìkan la mu, à ń wo ẹyẹ láti ojú fèrèsé. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ńṣe ló jókòó. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ló wí. "Àbí n ò sọ ìyẹn fún ẹ rí ni?" Kò sọ ọ́ rí.

Ilé ló kún ilẹ̀ kábéèjì yẹn báyìí, Bàbá Dónàl sì ti lọ sọ́run. Àwọn ọmọ ìwòyí kì í kúnlẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ wọn oògùn ikọ́ fún ọmọ mi kékeré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì fa ìgò náà lọ́wọ́ mi. "Mam, you're reading it wrong." Ìyá mi, tó ti di ìyá àgbà, la ẹnu láti bá a wí. Ó wojú mi, ó pa á dé.

Mo ní kí ọmọ náà kà á fún mi. Ó kà á. "Grand," ni mo wí fún un. Ká ní mo ní irú ẹnu yẹn, ní Sátidé kan péré!