Máńgòrò Dadin Kowa àti Ọwọ́ Òsì Mi

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì ga tó fèrèsé, ohun méjì ló ń dẹ́rù bà mí nílé wa ní Dadin Kowa: kí wọ́n gé igi máńgòrò wa, àti kí wọ́n má gé e. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Olùkọ́ ni bàbá mi. Láti Èkìtì ni iṣẹ́ ti gbé e wá sí Jos. Ó kọ́lé sí àdúgbò Dadin Kowa níbẹ̀, màmá mi bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó sì bí èmi náà tẹ̀lé e. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé láyé ìgbà náà, bí ìwọ́ ọmọ tuntun bá já, a kì í sọ ọ́ nù. Ìyá ọmọ á rì í mọ́lẹ̀, á gbin igi lé e lórí, igi náà sì di ti ọmọ yẹn nìyẹn. Ká ní Èkìtì la wà, obì tàbí ọ̀pẹ ni wọn ì bá gbìn. Ṣùgbọ́n otútù Jos kò bá obì rẹ́, nítorí náà ohun tó bá ti lè hù ni màmá mi gbìn. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni, bàbá mi kò dá sí i.

Ohun tí mo ṣáà ń gbọ́ lẹ́nu màmá mi ni pé, "Kí ẹnikẹ́ni má fi àdá kan máńgòrò yẹn o, ìwọ́ ọmọ mi ló wà nídìí rẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi sì ti bá mi túmọ̀ rẹ̀ tipẹ́: "Ìwọ ló ń bá wí. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà ara rẹ kan."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀ka ńlá kan ti kú lórí igi náà. Ikán ti wọ̀ ọ́, orí páànù yàrá tí mo ń sùn gan-an ló sì nà sí. Ẹ mọ bí atẹ́gùn Jos ṣe máa ń jà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀. Bí wọn kò bá gé ẹ̀ka yẹn, yóò wó lé mi lórí. Bí wọ́n bá sì gé e, ẹ̀yà ara mi kan lọ. Wọ́n gé e, mo gbé. Wọn kò gé e, mo gbé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀, màmá mi lọ sọ́jà Farin Gada. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kúrò nílé báyìí ni bàbá mi ránṣẹ́ pe bàbá agégi. Bàbá mi tí gbogbo kíláàsì ń gbọ̀n fún, ẹ̀rù ìyàwó rẹ̀ ń bà á.

Agégi ni gbogbo èèyàn ń pe ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kórìíra orúkọ yẹn. Ó dé akoto àwọn awakùsà tí iná iwájú rẹ̀ ti fọ́, ó gbé okùn kọ́ èjìká, ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun bá àwọn òyìnbó kùsà tọ́jú igi ní Bukuru, àti pé ọ̀tọ̀ ni kéèyàn gé igi, ọ̀tọ̀ ni kó tọ́jú rẹ̀.

"Malam," ó wí fún bàbá mi lédè Hausa, "igi dà bí èékánná. Gé e níwọ̀n, ó mọ́. Gé e jù, ẹ̀jẹ̀ dé."

"Ó dáa, ó dáa," bàbá mi dáhùn, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, "ẹ ṣáà yára."

Bí mo ṣe gbọ́ "ẹ̀jẹ̀", mo fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. Ọkùnrin náà gun igi, ó so okùn mọ́ ẹ̀ka gbígbẹ náà, ó gbé okùn gba orí ẹ̀ka mìíràn tó lágbára, ó sì ju ìdí okùn sí bàbá mi kó dì í mú, kí ẹ̀ka má baà já lu páànù. Abẹ́ ẹ̀ka ló kọ́kọ́ gbé ayùn sí, ó ní kí èèpo má baà ya wọ ara igi.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí. "Wò ó dáadáa. Ọwọ́ òsì rẹ ló ń lọ yẹn."

Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ọwọ́ òsì mú, mo fún un pinpin. Bí ayùn ṣe bẹ̀rẹ̀, mo figbe ta: "Yéè! Ó ń dùn mí o!"

Ayùn dúró. "Subhanallahi! Ta ni mo gé?"

"Kò sẹ́ni tí ẹ gé," bàbá mi wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa báṣẹ́ lọ. Ìyá wọn ń bọ̀."

Ẹ̀ka náà wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ìyàwó tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti kú. N kò purọ́ fún yín, n kò lè gbé ìka kan. Pé èmi fúnra mi ni mo fún un títí ẹ̀jẹ̀ fi sá, n kò mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Ó yẹ kí iṣẹ́ parí níbẹ̀, ṣùgbọ́n eré ti dùn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi. "Baba, har da wannan!" ló pariwo, pé kí wọ́n mú èyí náà mọ́ ọn. Ó nawọ́ sí ẹ̀ka kan tó ń fara họ òmíràn.

Bàbá agégi wò ó. "Kai! Ọmọ yìí mọ igi." Ó gé e.

"Ẹsẹ̀ rẹ nìyẹn," ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi. Mo jókòó sílẹ̀.

"Baba, tòkè yẹn ńkọ́?" Ìyẹn náà balẹ̀. "Imú rẹ ti lọ." Mo fi ọwọ́ tó kù bo imú.

Àsìkò yẹn gan-an ni màmá mi wọlé, agbọ̀n kábéèjì lórí. Bàbá mi ju okùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò.

"Ta ló ní kí wọ́n gé igi ọmọ mi?"

Mo wọ́ lọ bá a. "Màámi, ọwọ́ mi ti lọ, ẹsẹ̀ mi ti lọ, wọ́n tún ti gé imú mi."

"Imú ta ni? Ta ló sọ fún ọ pé ìwọ lo ni máńgòrò? Ìdí píà ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ìwọ́ tìrẹ wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ni èyí."

Ara mi yá lójú ẹsẹ̀, gbogbo ìka mi jí. Mo yíjú wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rín ti kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wo àwọn ẹ̀ka tó wà nílẹ̀, ó wo ara rẹ̀, ó sì rọra jókòó síbi tí mo ti dìde. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti dín kù.

"Baba, ṣé ẹ ò lè fi okùn yẹn so wọ́n padà?"

Bàbá agégi rẹ́rìn-ín títí akoto fi bọ́ lórí rẹ̀. Màmá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹsẹ̀ kan ẹ̀ka gbígbẹ náà, ó fọ́ yángá, ikán tú jáde. Ó gbójú sókè wo páànù tó wà lórí ibùsùn mi.

"Kò burú," ó sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ẹnì kan ì bá ti sọ fún mi." Ó wọlé, ó gbé òrí jáde, ó fi pa ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀ àti nímú. Ó ní kí bàbá agégi mú díẹ̀ gun igi, kó fi pa ojú ibi tó gé náà. Ọkùnrin náà pa á. Ó ní gbogbo ohun tí ojú òun rí ní Bukuru, kò sí irú èyí níbẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ dé tìjàtìjà. Igi turare ará ilé kejì, igi gíga tí ewé rẹ̀ ń ta sánsán, wó lé orí páànù wọn. Tiwa dúró, èmi náà sì sun oorun mi. Nígbà tó di ọdún kejì, máńgòrò náà so wìtìwìtì, ẹ̀gbọ́n mi sì ga lójijì. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń bi bàbá mi pé, "Ìgbà wo ni bàbá agégi ń padà bọ̀?"

Ayé ti yí padà. Ẹ ti fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá, kò síbi tí èèyàn yóò ri ìwọ́ ọmọ sí mọ́. Bí ẹ̀ka kan bá kú, ẹ ó pe àwọn ẹlẹ́rọ ìgégi lórí fóònù, kí ẹ sì tó ṣẹ́jú, odindi igi ti wà nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò béèrè pé ti ta ni. Èmi ni mo ń gbé inú ilé náà títí dòní. Bí a bá fẹ́ gé máńgòrò, ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, á wọkọ̀ láti Bukuru, á dúró nídìí rẹ̀, á máa kígbe pé, "Díẹ̀díẹ̀ o!" Ara rẹ̀ sì le koko.

Ní ti píà ẹ̀yìn ilé ìdáná, ayùn kò kàn án rí. Ó ti ga kọjá ilé. Ẹ̀ka rẹ̀ kan ti gbẹ, orí yàrá mi ló sì nà sí. Àwọn ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí wọ́n gé e kí atẹ́gùn tó dé. Mo rántí gbogbo ohun tí bàbá agégi sọ lọ́jọ́ yẹn, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni.

Mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì mi lọ sí yàrá kejì.