Muni àti Orúkọ tí Ìyá Ọkọ Rẹ̀ ń Pè É

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí Muni ti sọ̀kalẹ̀ láti abúlé àwọn Paiwan lórí òkè wá fẹ́ ọmọ ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní Pingtung. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Kim-hua, ti ń pè é ní “huan-a”. Orúkọ tí ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń pe ará òkè nìyẹn láti ìgbà tí àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn: ará ìgbẹ́, ẹni tí ojú rẹ̀ kò là. Síbẹ̀ ìyá yìí kan náà ló fi odindi oṣù kan se adìẹ olóróró yànmọ̀tí fún un nígbà tó bímọ, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ.

Lóṣù tó kọjá, àwọn méjèèjì kó máńgòrò lọ tà lọ́jà. Ọkùnrin kan tú agbọ̀n wò, ó ní èyí tó wà lójú agbọ̀n nìkan ló dára, pé ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀tàn ni iṣẹ́ huan-a. Kí Muni tó lanu, ọ̀pá Ìyá Kim-hua ti ba ọkùnrin náà lọ́wọ́.

“Ta lò ń pè ní huan-a? Ìyàwó ọmọ mi nìyí o.”

Ọkùnrin náà ní ṣebí ìyá fúnra wọn ló pè é bẹ́ẹ̀ níṣojú òun láàárọ̀.

“Ṣé èmi pẹ̀lú ẹ wá dọ́gba ni?”

Ẹ̀rín pa Muni, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá béèrè. “Ṣé ó máa ń dùn ẹ́, tí mo bá pè ẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Màmá, mi ò mọ̀. Ìgbà míì, mi kì í tiẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà míì sì rèé, ọjọ́ mẹ́ta ni á fi máa dún létí mi.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá pe, “Muni.” Muni sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wọlé, ó rò pé àìsàn ló kì ìyá mọ́lẹ̀. Ìyá kàn ní kó wá mu tíì ni. Bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ló ṣe pe orúkọ náà.

Kó tó mu ún, Muni jáde lọ fóònù Kapi, àbúrò rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé bí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń mutí, huan-a ni wọ́n ń pe ara wọn, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Muni sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Kapi rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Àwa náà kúkú ń pe ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní pairang, èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ta ni orúkọ yẹn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ rí, Sísítà mi?”

Muni ní kó bá òun kí ará ilé, ó sì wọlé lọ mu tíì tó ti tutù.