Dírọ́ọ̀mù Méjì fún Ìyá Oníkòkò

Ohun tó burú nínú ẹnu mímú ni pé lọ́jọ́ tí èèyàn bá sọ òótọ́, kì í rí ẹni gbà á gbọ́. Ojú mi rí i ní Challenge, nígbà tí mo ń ta irin mọ́tò, tuntun àti àlòkù, nínú ìsọ̀ páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ìwé kejì ni mo kà dé kí n tó sá kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n tó bá di ká fi ọ̀rọ̀ dídùn ta irin tó ti dípẹtà, ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Oníkòkò wọlé, wọ́n sì jókòó lé àpótí mi láìjẹ́ pé mo fi ìjókòó lọ̀ wọ́n. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ọkọ wọn olóògbé fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ń kó ìkòkò amọ̀ gba Àpáta lọ sí Abẹ́òkúta. Mọ́tò náà ti dàgbà débi pé bó bá wúkọ́, ó kù díẹ̀ kí àwọn ọkọ̀ yòókù kí i pé pẹ̀lẹ́ o, bàbá.

“Dírọ́ọ̀mù iwájú lápá òsì ló là,” ni màmá wí. “Ẹyọ kan ni mo fẹ́. Má parọ́ kankan fún mi.”

Dírọ́ọ̀mù yìí rí bí ìkòkò irin tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ̀yìn táyà ló ń gbé. Bàtà bíréèkì wà nínú rẹ̀. Bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì, bàtà yìí á fẹ̀, á há mọ́ inú dírọ́ọ̀mù, mọ́tò á sì dúró. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, bàtà á jẹ inú dírọ́ọ̀mù lọ, etí rẹ̀ á wá mú bí abẹ.

Ọ̀gá Tàfá, mẹkáníìkì tó kọ́ mi bí a ṣe ń dá irin mọ̀, tú táyà iwájú méjèèjì. Dírọ́ọ̀mù òsì là lóòótọ́. Ti ọ̀tún kò là, àmọ́ ó ti jẹ kọjá ààlà.

“Màmá, méjì lẹ máa rà,” mo ní.

“Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lò ń bọ̀.”

“Bí ọ̀kan bá jẹ́ tuntun, tí èkejì gbó, apá ibi tó tuntun ni mọ́tò máa fà sí.”

“Bí ìkòkò mi kan bá fọ́, ṣé méjì ni mò ń kó dànù?”

“Ẹ fi ìkòkò sílẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wé e. Bí gìgísẹ̀ kan bá ga, tí èkejì ti jẹ, báwo lẹ ṣe máa rìn?”

“Màá tiro. Ṣùgbọ́n màá dé Abẹ́òkúta.”

Àwọn awakọ̀ tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Tàfá bá mi dá sí i, màmá wò wá tìkà-tẹ̀gbin. “Inú ìṣasùn kan náà lẹ̀yin méjèèjì ti ń jẹun.”

N kò lè dá wọn lẹ́bi. Ní ìlà ìsọ̀ wa, ẹni tó bá wá ra gílóòbù kan, a ó ní kó ra méjì. Ẹni tó bá wá ra bẹ́líìtì kan, a ó ní èkejì ń sunkún pé òun náà fẹ́ bá a lọ. Ta ni yóò wá mọ̀ pé tòní yàtọ̀? Bẹ́ẹ̀, ọjà Abẹ́òkúta di ọ̀la. Ìkòkò á kún ẹ̀yìn mọ́tò, màmá fúnra wọn á sì jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sùmọ́nù, dírẹ́bà wọn. Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi.

Màmá sanwó ẹyọ kan péré. Ọ̀gá Tàfá fi pẹtiróòlù fọ òróró ara dírọ́ọ̀mù tuntun náà, nítorí bí òróró bá wà níbẹ̀, bíréèkì kò ní í mú. Ó dè é sápá òsì, ó dá táyà padà.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Èmi náà á wọ̀ ọ́. Bó bá dúró dáadáa, kẹ́ ẹ máa pè mí ní òpùrọ́.”

“Mo ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọlé.”

A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Ring Road. Apá òsì la ṣì ń gbà lójú títì nígbà náà, lápá òsì yẹn gan-an ni alágbàfọ̀ kan sì sá aṣọ sí lórí okùn.

“Sùmọ́nù, tẹ̀ ẹ́!” mo ní.

Sùmọ́nù tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò yà bàrá sí òsì bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu, ó fi títì sílẹ̀, ó wọ àárín aṣọ lọ. Nígbà tó máa dúró, ilẹ̀ ti ṣú mọ́ wa lójú. Ṣòkòtò funfun kan ló na ẹsẹ̀ méjèèjì bo gíláàsì iwájú.

Alágbàfọ̀ sáré jáde. “Ṣòkòtò oníbàárà mi rèé o! Bí mọ́tò yín bá fẹ́ wọ ṣòkòtò, kó lọ rán tiẹ̀!”

Kò sẹ́ni tó fara pa. Mo wo màmá, mo rò pé ẹkún ni wọ́n ń sun. Ẹ̀rín ni! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ sí wọn lọ́rùn.

“Jìmọ́, gbogbo ìkòkò mi ni ì bá ti fọ́ yìí?” ni wọ́n bi mí.

“Ìkòkò kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síwájú ńkọ́?”

Wọ́n fa gèlè wọn padà sórí. “Sùmọ́nù, yí padà. Ká lọ mú èkejì.”

Nígbà tí Ọ̀gá Tàfá de ti ọ̀tún tán, a tún padà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Bí alágbàfọ̀ ti rí wa lókèèrè, ó kó aṣọ àti okùn mọ́ra, ó di inú ilé. Sùmọ́nù tẹ bíréèkì. Mọ́tò dúró gbọn-in, imú rẹ̀ kọjú síwájú bí ọmọ ológun tó wà lórí ìlà. Mo pariwo, màmá pariwo, alágbàfọ̀ náà pàtẹ́wọ́ fún wa lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n kò jáde.

Wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n bọ̀ láyọ̀. Láti ìgbà náà, bí màmá bá ti ń kọjá, tí wọ́n sì bá oníbàárà kan tó ń bá mi jiyàn, wọn a dúró, wọn a nàka sí mi.

“Òpùrọ́ lọmọ yìí o, ẹ má dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n dírọ́ọ̀mù iwájú, méjì ni kẹ́ ẹ rà.”