Ẹkún Àháyà

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gílóòbù àti wáyà ni Mùsílíù ti ń ṣiṣẹ́, ní ọjà àwọn Ṣáínà tó wà lẹ́bàá International City, ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Òun ló ń gbé, òun ló ń sọ̀. Ọdún mẹ́ta rèé. Zhou ni ọ̀gá rẹ̀, ọmọ Ṣáínà tí kì í pariwo, tí kì í fi owó oṣù falẹ̀.

L'Ọ́jọ́rú, ìyá Mùsílíù kú ní Muṣin. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Fídáù ọjọ́ kẹjọ ló kù.

"Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ọjọ́ márùn-ún péré."

"Ọjà ń wọlé. Kò ṣeé ṣe."

Lukman, ẹ̀gbọ́n Mùsílíù, ò tiẹ̀ tún gbè é lórí fóònù. "Jókòó síbẹ̀ jàre. A ti sin Màmá, kí lo fẹ́ wá wò? Fowó ránṣẹ́, a máa fi fídíò hàn ẹ́."

Mùsílíù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Zhou pè é sẹ́yìn káńtà. Núdùlù ló ń jẹ. Ó gbé fóònù ti abọ́ náà. Ọkùnrin kan tó wọ súùtù dúdú ń gbá ojú oórì nínú fóònù.

"Oórì bàbá mi nìyẹn," Zhou wí. "Lọ́dọọdún, nínú oṣù yìí, ọmọ gbọ́dọ̀ gbá ojú oórì òbí ẹ̀."

"Àbúrò yín ló ń gbá a?"

"Rárá o. A háyà ẹ̀ ni."

Yulan, obìnrin Ṣáínà tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù, ló là á yé e. Ó ní bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn nílùú ńlá lọ́dọ̀ àwọn. Iṣẹ́ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ dé mẹ́sàn-án alẹ́, àyè dà? Bóo bá fẹ́ ẹkún mọ́ ọn, owó ẹkún lọ́tọ̀.

"Shanghai lọmọ Ọ̀gá wà," ó rọra sọ. "Wákàtí méjì ni rélùwéè dé ibi oórì náà. Kò lọ. Orí fóònù lòun náà ti ń wò ó."

Ẹni àháyà kúnlẹ̀, ó figbe ta. Omijé ń dà pòròpòrò. Lójijì ó dákẹ́, ó tẹjú mọ́ fóònù, ó béèrè nǹkan.

"Ó ní ṣé àwòrán ń mọ́ dáadáa," Yulan wí.

Zhou mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó fa núdùlù sẹ́nu. Ọkùnrin náà bá ẹkún rẹ̀ lọ níbi tó dá a dúró sí.

Mùsílíù gbójú kúrò lára fóònù náà.

"Musi," Zhou rẹ́rìn-ín músẹ́, "wá ẹnì kan l'Ékòó kó bá ìwọ náà sunkún. Èmi ni màá sanwó. Ó dáa, àbí?"

Èyí tó burú jù ni pé inú kan ni Zhou fi sọ ọ́. Mùsílíù gbọ́ ohùn Lukman nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó rántí pé òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ara rẹ̀ rí i lára.

"Ọ̀gá, ọmú ẹni àháyà kọ́ ni mo mu."

"Bóo bá lọ, má padà wá. Khalas, ó parí."

"Khalas."

Yulan ò gbójú sókè. "Bá mi kí ìyá ẹ lójú oórì," ó wí. "Ó tó ọdún mẹ́rin tí mi ò rí tèmi."

Inú bọ́ọ̀sì ni Mùsílíù ti pe Lukman. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé fóònù kankan síta lọ́jọ́ fídáù. Mò ń bọ̀."

"Iṣẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

"Orí ẹ dà rú ni?"

Mùsílíù pòṣé, ó pa fóònù.