Wáyà Tí Chasib Já

Gbogbo àwa olùkọ́ tí Nahida máa ń gbé láti Basra lọ sí Zubair nílẹ̀ Iraq la mọ̀ pé kì í tètè bínú. Opó ni. Ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń tọ́ Sama, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ṣùgbọ́n ìbínú tó bí i lóṣù Keje yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Éésì ọkọ̀ ló fà á. Tí a bá ń sáré lójú títì, inú ọkọ̀ á tutù bí omi àmù. Tí a bá dúró níbi tí àwọn ṣọ́jà ti ń yẹ ọkọ̀ wò, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa fẹ́ sí wa lójú. Nahida gbé e lọ sọ́dọ̀ Chasib, ọ̀rẹ́ olóògbé ọkọ rẹ̀, tó ń tún éésì ọkọ̀ ṣe. Chasib ò jẹ́ kó ṣàlàyé tán.

"Ìyá Sama, ẹ jókòó, ẹ mu tíì. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ló ń ya wèrè."

Sẹ́ńsọ̀ ọ̀hún ò ju àtàǹpàkò lọ. Ara páìpù gáàsì tó ń mú ọkọ̀ tutù ló wà. Ibẹ̀ ló ti ń mọ bí gáàsì ṣe ń tì lágbára tó, tó sì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ ọkọ̀. Bí gáàsì bá ti jò tán, ọkọ̀ á dá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀, dúró, kó má baà bàjẹ́. Bí gáàsì bá sì ń tì jù, á tún dá a dúró, kí páìpù má baà bẹ́. Fáànù iwájú ọkọ̀ Nahida ti kú. Atẹ́gùn ojú títì nìkan ló ń mú gáàsì tutù. Tí ọkọ̀ bá dúró, gáàsì á gbóná, á sì máa tì jù; òótọ́ ni sẹ́ńsọ̀ ń sọ. Chasib já wáyà rẹ̀, ó fa iná bátìrì lọ sí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tààrà. Ọkọ̀ tutù. Nahida dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, a tò síbi ìyẹ̀wò nínú oòrùn. Nǹkan dún gbàù níwájú ọkọ̀, èéfín funfun bò wá. A rò pé bọ́ǹbù ni. Ìyáàfin Bahija, àgbà wa, fò jáde, ó ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Páìpù gáàsì ló bẹ́.

Láti ilé ìwòsàn, Nahida wa ọkọ̀ náà lọ bá Chasib. Mo tẹ̀ lé e.

"Chasib, ta ló ní kó o já wáyà yẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ń fẹ́ òtútù. Mo sì fún yín."

"Mo sọ fún ẹ pé tá a bá dúró ló ń gbóná. O gbọ́ àbí o ò gbọ́?"

"Ìyá Sama, obìnrin kì í kọ́ mi níṣẹ́ mi."

"Ta ló fẹ́ kọ́ ẹ? Nǹkan ń kígbe fún ẹ, o fi aṣọ dí i lẹ́nu. Bahija tó kọ́ ọmọ ẹ níwèé ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́hùn-ún. Lọ sọ fún un pé òtútù lo fún un."

Àwọn ará ìsọ̀ kejì ń bẹ̀ ẹ́ pé ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni. Ó kọjú sí wọn. "Tí ọkọ mi bá wà láyé, ṣé Chasib máa já wáyà yẹn lójú ẹ̀?"

Chasib ní kí wọ́n gbé tíì wá. Nahida dà á sílẹ̀. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó fa wáyà Chasib tu, ó jù ú sí i lẹ́sẹ̀, ó sì gbé ọkọ̀ sọdá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Onítọ̀hún pààrọ̀ fáànù àti páìpù, ó sì dá sẹ́ńsọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Chasib gbé èso dábínù lọ bẹ Bahija, Bahija sì dárí jì í. Ó ní kí Nahida náà dárí jì í.

"Ìyá, ọwọ́ yín ló kán, ẹ̀yin lẹ lè dárí jì í," Nahida dáhùn. "Èmi, inú ọkọ̀ mi ló ti fẹ́ pa yín."

Títí dòní, bí Chasib bá kí i lọ́jà, kì í dáhùn.