Ọ́ìlì Tí Mùnírù Dà sí Bíréèkì Tíṣà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ba ọjọ́ Mùnírù jẹ́ ní oríta Adégbayì, kí ó gbé kẹ̀kẹ́ tó ń ké kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò lè gbà á mọ́ra. Yóò dìde, yóò nawọ́ gán agolo ọ́ìlì, yóò sì sọ gbólóhùn tí gbogbo oríta ti mọ̀ sórí: "Kẹ̀kẹ́ tó bá yó kì í pariwo." Ó lé ní ogójì ọdún tó ti ń sọ ọ́. Hàjàrá, ìyàwó rẹ̀, ní òun ti gbọ́ ọ débi pé òun ń fi í lá àlá.

Abúlé kan nítòsí Akanran ni wọ́n ti bí i. Àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe epo pupa, Mùnírù ló sì ń fi kẹ̀kẹ́ kó kéègì epo lọ sí Ìbàdàn láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ojú ọ̀nà ni kẹ̀kẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú ọ̀nà náà ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Kò sí ọ̀gá kankan tó kọ́ ọ níṣẹ́, èyí sì jẹ́ ohun ìyangàn fún un. Nígbà tí ọ̀kadà gba ìgboro, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ di mẹkáníìkì ọ̀kadà. Mùnírù kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Àfi bí Títíladé ṣe dé. Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Ẹgbẹ́dá, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, arábìnrin tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Òun àti àwọn mẹ́fà kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá tí wọ́n dìídì ṣe fún òkè àti ọ̀nà gbágungbàgun. Ọwọ́ Mùnírù ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, wọ́n ní àwọn yóò gùn ún láti Adégbayì dé etí òkun, ọjọ́ méjì gbáko.

"Bàbá Kifayah, ẹ bá wa lọ," ni Títíladé wí fún Mùnírù. "Bí kẹ̀kẹ́ bá bàjẹ́ lọ́nà, ta ni yóò tún un ṣe?"

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Mùnírù, kò sì tíì fojú kan òkun rí. Kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán tó fi gbà.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe létí òkun?" ni Hàjàrá bi í.

"Mo fẹ́ lọ wò ó ni."

"Ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì padà wá bá mi. Bí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ pè mí, kí ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe ń hó."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò náà, wọ́n kó àwọn kẹ̀kẹ́ wá sí ìsọ̀ rẹ̀. Mẹ́fà nínú wọn, bíréèkì tó mọ̀ dunjú ni wọ́n ní, onírọ́bà tó ń fún eteetí àgbá kẹ̀kẹ́ mọ́ra. Ti Títíladé nìkan ló yàtọ̀. Tuntun ni, kò tíì lò ó tó ọ̀sẹ̀ kan. Irin pẹlẹbẹ kan wà ní àárín àgbá iwájú àti ti ẹ̀yìn, roboto, ó rí bí ọmọrí ìkòkò kékeré. Nígbà tí Mùnírù yí àgbá náà, irin ọ̀hún ń ké ṣìì, ṣìì.

Mùnírù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ṣé kí ó wá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń pè é ní ọ̀gá ni? Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n Mùnírù kì í béèrè ọ̀nà. Ó kán ọ́ìlì sí irin iwájú, ó kán sí ti ẹ̀yìn, ó yí wọn, ó tún kán an sí i. Ariwo dákẹ́. "Ó ti yó," ló wí, ó sì lọ jẹun.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n gbéra. Ẹ̀fúùfù ọyẹ́ ń ti wọn lẹ́yìn, ọ̀nà sì tẹ́jú, kò sí ẹni tó nílò bíréèkì. Mùnírù ló wà lẹ́yìn pátápátá lórí kẹ̀kẹ́ onírin wúwo rẹ̀, àpò sípánà lẹ́yìn, orin lẹ́nu. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tí wọ́n rán aṣọ ọdún fún.

Nígbà tí wọ́n kọjá Akanran, wọ́n kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan. Títíladé sọ̀ ọ́, ó fẹsẹ̀ méjèèjì wọ́lẹ̀ kó tó dúró.

"Ẹ ò rí nǹkan? Bíréèkì mi ò fẹ́ẹ́ mú o!" Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tuntun ni, kò tíì mọ ọwọ́ yín," ni Ajíbádé dá a lóhùn. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni Ajíbádé, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà, kò sì sí ohun tí kò mọ̀ láyé yìí. Ọ̀rọ̀ náà bá Títíladé lára mu, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mùnírù gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Ó kọ́kọ́ rò pé wáyà ló dẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rántí pé láti ọjọ́ tóun ti dáyé, òun kò kán ọ́ìlì sí eteetí àgbá kẹ̀kẹ́ rí, torí ibẹ̀ ni bíréèkì ń mú. Ibo wá ni ti Tíṣà ń mú? Irin pẹlẹbẹ yẹn ni.

Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn: kò pariwo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ojú tì í. Ó ń rò ó pé bí wọ́n bá dúró sinmi, òun yóò yọ́ nù ún, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí ibi tí wọ́n dé. Òkè tó wà níwájú wọn yẹn, ó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ń kó epo lọ sí Ìbàdàn. Bí èèyàn bá gùn ún dé orí, ńṣe ni ọ̀nà já wálẹ̀ gbùrù, tó tún ṣẹ́ kọ́rọ́ nísàlẹ̀ síbi afárá tóóró kan tí kò ní irin ìdènà létí. Ní gbogbo ọdún tó fi kó epo, ẹsẹ̀ ló fi ń sọ̀ ọ́.

Títíladé ti ń gun òkè náà lọ.

"Tíṣà! Tíṣà o!" Ẹ̀fúùfù ń súfèé nínú akoto tó dé sórí, kò gbọ́. Mùnírù tẹ pẹ́dà, ó ya Ajíbádé sílẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe ìdíje o!" ni Ajíbádé kígbe.

Ibi tí òkè náà ti le jù, kẹ̀kẹ́ onírin kò gbà fún un mọ́. Mùnírù sọ ọ́ sínú koríko pẹ̀lú àpò sípánà lórí rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ sáré. Eré tí kò sá láti ogún ọdún ló sá lọ́jọ́ náà. Táyà iwájú Títíladé ti dorí kọ ìsàlẹ̀ nígbà tó di ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà mú láti ẹ̀yìn, tó fẹsẹ̀ tilẹ̀.

"Bàbá! Kí ló dé?"

"Sọ̀... sọ̀kalẹ̀. Má lọ." Èémí rẹ̀ kò tó o. "Èmi ni, Tíṣà. Èmi ni mo da ọ́ìlì sí bíréèkì rẹ lánàá. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń mú. Mi ò sì béèrè."

Títíladé sọ̀kalẹ̀. Ó fún bíréèkì méjèèjì pinpin, ó ti kẹ̀kẹ́ náà síwájú. Ó ń yí lọ geere bí ẹni pé kò fọwọ́ kàn án. Ó wo ìsàlẹ̀, ó wo afárá náà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà. Mùnírù ń retí èébú, torí ó mọ̀ pé ó tọ́ sí òun.

"Bàbá," ni Títíladé wí, omi lójú rẹ̀, "ẹ mà lè sáré o."

Bí ẹ̀rín ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rín náà ran Mùnírù, òun náà bá jókòó tì í. "Alihamudulilai," ló ń wí ṣáá. Nígbà tí àwọn tó kù ti kẹ̀kẹ́ Mùnírù dé bá wọn, tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Gbogbo wọn fẹsẹ̀ sọ òkè náà bí aláàárù epo.

Ní òdìkejì afárá, wọ́n bá obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rùqáyyàh tó ń yan gààrí. Mùnírù toro iná àti ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó yíjú sí Ajíbádé.

"Ajíbádé, jọ̀wọ́, wo inú fóònù rẹ. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Ajíbádé yanu. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ Mùnírù, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun rí. Wọ́n jọ wò ó. Wọ́n fọ irin náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fi sáńpépà ha àwọn páàdì kéékèèké tó ń mú un, wọ́n tò wọ́n sétí iná títí èéfín ọ́ìlì fi tán lára wọn.

"Ṣé ẹ fẹ́ fi ìyẹn mu gààrí ni?" ni Ìyá Rùqáyyàh bi wọ́n.

Nígbà tí wọ́n tò ó padà, Títíladé nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, Mùnírù kò fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló tì í padà kọjá afárá dé ìdajì òkè náà, tó gùn ún wálẹ̀, tó sì fún bíréèkì. Igbe tí kẹ̀kẹ́ náà ké, àwọn ewúrẹ́ Ìyá Rùqáyyàh tú ká. Ó dúró gbagidi, táyà rẹ̀ kò rìn ju ẹsẹ̀ kan lọ.

Bó ṣe ń ké la Ìjẹ̀bú-Igbó kọjá nìyẹn, tó ké la Ìjẹ̀bú-Òde àti Ẹ̀pẹ́. Gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n bá sọ̀, á ké, ọkàn Mùnírù á sì tún balẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ìrìn àjò náà, ọ̀nà parí sínú iyanrìn. Òkun ló wà níwájú wọn. Mùnírù dúró, ó wò ó láti ọ̀tún dé òsì, kò rí òpin rẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó yọ fóònù.

"Hàjàrá, mo ti débẹ̀."

"Ṣé kò sí o? Ṣé gbogbo yín pé?"

"A pé. Mo ní kí o gbọ́ nǹkan kan." Ó nawọ́ fóònù náà, kì í ṣe síbi omi. "Tíṣà, bá mi fún bíréèkì yẹn."

Títíladé gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀ lórí ibi tí ilẹ̀ ti le, ó fún bíréèkì. Ó ké.

"Kí nìyẹn?" ni Hàjàrá wí. "Ṣé bí òkun ṣe ń hó nìyẹn?"

"Kẹ̀kẹ́ Tíṣà ni."

"Kẹ̀kẹ́ ń ké báyẹn, ẹ sì ń wò ó? Ọ́ìlì yín ti tán ni?"

"Kò tán," ni Mùnírù wí. "Jẹ́ kó máa ké."