Òwìwí Ara Ìbọn Verdie

Ẹ̀gbọ́n mi Verdie ló fẹ́ Lonzo Sizemore, kì í ṣe èmi, ṣùgbọ́n mo jẹ nínú ìyà rẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ lójú ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo ti ń rojọ́. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni, níbí ní Laurel Gap, lórí òkè Kentucky, níbi tó jẹ́ pé kò sí ilé tí kò ní ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ kan nínú dúrọ́ọ̀ ìyá àgbà. Àwọn kékeré tó ń wọ àpò ni mò ń wí, àwọn tí wọ́n máa ń ṣẹ́ láàárín bí ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́ àgbàdo, kí èèpo ọta tí wọ́n ti yìn lè jáde.

Lonzo kò ka ìbọn ńlá sí. Ó ní kò sí ọgbọ́n kankan nínú wọn. Tí sípíríǹgì inú àwọn kékeré yìí bá ṣẹ́, á gé irin pẹlẹbẹ, á fi fáìlì họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, á fi í sínú iná títí á fi pọ́n, á wá tì í bọ òróró. Tẹ́ ẹ bá kí i nídìí iṣẹ́, kò ní dáhùn. Verdie á ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, kò sí nílé. Ara ẹ̀ nìkan lẹ̀ ń rí yẹn."

Ohun tó ń ṣe èèyàn léṣe nínú iṣẹ́ yìí ni ẹ̀tù. Ẹ̀tù dúdú tó máa ń jó wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n ṣe àwọn tó pẹ́ jù fún. Ẹ̀tù inú ọta tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí le jù fún wọn, ó lè fọ́ ìbọn mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe òmíràn tí irin wọn gba ẹ̀tù tuntun, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé méjèèjì sórí tábìlì, ẹ ó rò pé ìbejì ni wọ́n. Àtàǹpàkò Lonzo ló fi ń dá wọn mọ̀. Á ti àgbá kékeré tí ọta ń wọ̀: tó bá ń yí wẹ́rẹ́, àtijọ́ ni, tó bá dúró gírí, tuntun ni. Àwa tá ò mọ nǹkan kan, òwìwí ló fi kọ́ wa. Òwìwí kan wà tí wọ́n tẹ̀ sára èèkù àwọn ìbọn náà. Tó bá ń wo iwájú, níbi tí ọta ń lọ, ẹ̀tù dúdú ni. Tó bá ń wo ẹ̀yìn, tó ń wo ẹni tó mú ìbọn lọ́wọ́, ẹ lè lo ọta ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣeré: "Òwìwí, ibo lò ń wò?"

Ìyá wa ló fún Verdie ní ìbọn tiẹ̀, àtijọ́ pátápátá sì ni. Mo ṣì kéré nígbà tí Lonzo ń wá ẹ̀gbọ́n mi wá sílé, n kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èèkù ìbọn náà títí ó fi pẹ́ jù. Ó ṣẹ́ ni. Lonzo yọ èèkù lára ìbọn tuntun kan tó ti bàjẹ́, ó fi rọ́pò rẹ̀. Bí òwìwí tó ń wo iwájú ṣe lọ nìyẹn, tí èyí tó ń wo ẹ̀yìn dé. Ó ní, "Verdie, kó máa bá mi ṣọ́ ẹ nígbà tí mi ò bá sí nítòsí." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ ẹ.

Nílé wa, láàárọ̀ Kérésìmesì, ìyàwó ilé ló máa ń jáde sí fàráńdà lọ yìnbọn sójú ọ̀run kí ẹnikẹ́ni tó jẹun. Lọ́dọọdún, Lonzo fúnra ẹ̀ ló ń di ẹ̀tù dúdú sínú ọta Verdie. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí, torí pé òun ni Lonzo.

Nígbà tí Verdie kú lásìkò tí ewé ń já, ojú Lonzo ti ń ṣú. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí, àti òjìji èèyàn. Nola, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní Cincinnati, ó wá jókòó tì í nínú ṣẹ́ẹ̀dì tó ti ń ṣiṣẹ́, láti kọ́ṣẹ́. Ọmọ náà lọ́wọ́ iṣẹ́. Lonzo á mú sípíríǹgì tó bá ṣe, á fi ìka tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á ní, "Ọwọ́ mi kọ́ nìyí?" Nola á ní, "Rárá o, tèmi mọ́." Tí kì í bá ṣe ọwọ́ ọmọ yìí, ọkùnrin náà ì bá ti tẹ̀lé ìyàwó ẹ̀ lọ. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n irin nìkan ló tíì kọ́ ọ, kò tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá ìbọn mọ̀. Ó ní kò sí ìkánjú.

Kérésìmesì dé. Láti ọjọ́ ìsìnkú, Lonzo kò fọwọ́ kan ìbọn Verdie. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà, pẹ̀lú gèlè ẹ̀. Mo ń yan bísíkíìtì nígbà tí Nola mú un wá síwájú bàbá ẹ̀.

"Bàbá, ṣé èmi ni màá yìn ín lónìí?"

"Ta ni ì bá tún yìn ín? Àbí àǹtí ẹ Hester? Ológbò ni Hester máa yìn ín lù."

"Mo ń gbọ́ yín o, Bùọ̀dá Lonzo," mo fèsì nídìí ààrò.

Nola ní, "Ọta tí Mọ́mì ń lò ti tán. Ti ṣọ́ọ̀bù ló kù. Ẹ gbà, ẹ fọwọ́ kàn án wò."

Ó nà án sí i. Lonzo di ife kọfí ẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó ní, "Mi ò lè mú un, Nola. Má jẹ̀ẹ́ n mú un. Òwìwí ńkọ́? Ibo ló ń wò?"

"Èmi ló ń wò."

"Kò burú nígbà náà. Lọ yìn ín fún ìyá ẹ."

Èkíní dún dáadáa, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìró èkejì kò jọ ti ìbọn. Nígbà tí mo máa fi dé fàráńdà, Nola jókòó sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíì ni. Mo fi épúrọ́ọ̀nù mi dì í. Lonzo ń rá pálá nínú ìrì dídì, ó ń fọwọ́ wá ìbọn. Nígbà tó rí àfọ́kù àgbá ọta, ó fi ìka tọ́ ọ. Ìyẹn nìkan ti tó fún un. Ó ní, "Èèkù ẹ̀ ni. Èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀, mo gbàgbé." Ibẹ̀ ló ti sọ ìtàn òwìwí fún wa, nínú òtútù, tí mo ń pariwo pé kó dìde ká gbé ọmọ lọ sọ́sibítù.

Wọ́n ní bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Ìka ni Lonzo fi ń ríran, ẹkún ikú Verdie sì gba ìka yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan péré. Ká ní ó ti àgbá yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú ṣì ń bí mi sí i. Àánú ẹ̀ ń ṣe mí, inú sì ń bí mi, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ó ti ti ṣẹ́ẹ̀dì pa. Tí èèyàn bá mú ìbọn wá, èmi ni mo ń lé wọn padà. Nírọ̀lẹ́, Nola máa ń jókòó tì í nídìí ààrò, Lonzo á sì ní, "Mú ọwọ́ ẹ wá." Á bẹ̀rẹ̀ láti ìka kékeré, á tọ́ ọ, á dé ìkejì, á dúró. Á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, á tún tọ́ ọ jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń tọ́ sípíríǹgì.

Nola á ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá. Àwọn yòókù ò sí níbẹ̀ mọ́."